Ta Ló Ní Ìlà Etí Gbọ́dọ̀ Dúdú?

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún 2024, ìyẹn ọjọ́ 18 oṣù Okúdù, àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ayẹyẹ Ojúde Ọba wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Fọ́tò Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn tó gun ẹṣin lọ́jọ́ náà, tòun ti jígí dúdú lójú, tàn kálẹ̀ dé orí fóònù ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú rárá. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà fi gbé e, tí kálukú ń yà á bó ṣe wù ú. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́ṣin, onígèlè, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní régbérégbé tó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kò tún ṣàjèjì mọ́ lára fílẹ́ẹ̀sì, lára T-shirt àti lórí WhatsApp. Ẹ bá mi wò wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jọra níbì kan: ìlà dúdú ló yí gbogbo nǹkan po, láti imú ẹṣin títí dé ìka ọwọ́ ẹni tó gùn ún. Aṣọ ń tàn, gèlè ń tàn, àmọ́ ojú ènìyàn ti rì sínú òkùnkùn. Imú ò yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò yàtọ̀ sí ọrùn. Ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀ kò gùn. Orí bébà funfun ni ìlà dúdú yẹn ti wá, ibẹ̀ náà ló sì ti wúlò jù. Lórí àwọ̀ ara wa àti lórí púpọ̀ nínú aṣọ wa, ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó máa fa ìlà, kí àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ sì mọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà sí.

Irú àwòrán wo là ń wí? Fọ́tò jẹ́ àkójọ àmì wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá fà á tóbi jù, á máa rí bí ògiri tí wọn ò tíì rẹ́. Àwòrán fẹ́kítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú níbẹ̀ ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, àti ibi tó parí sí. Ìṣirò ló fi ń so wọ́n pọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Ìdí nìyẹn tí àwòrán kan ṣoṣo fi lè wà lára bírò, kó tún wà lára pátákó tó ga ju ilé lọ, tí etí rẹ̀ á sì mú bí abẹ níbi méjèèjì. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò nílẹ̀ Faransé ni ìṣirò ìlà títẹ̀ yìí ti wá: Paul de Casteljau ní Citroën ní 1959, àti Pierre Bézier ní Renault láàárín àwọn ọdún 1960. Adobe gbé Illustrator jáde ní 1987. CorelDRAW tẹ̀lé e láti Kánádà ní 1989, òun sì ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ilẹ̀ wa gbá mú títí dòní. Inkscape dé ní 2003, ọ̀fẹ́ sì ni; ọmọ Ìbẹ̀fún tó bá ní láptọ́ọ̀pù àlòkù lè jókòó sílé rẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú gbogbo wọn, nǹkan mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ayàwòrán: àwọ̀ tó kún inú nǹkan, àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní grédíẹ́ǹtì, àti ìlà tó yí etí rẹ̀ ká.

Ìlà etí tó dúdú ní ìdí tó fi wáyé. Nígbà tí Akinọlá Láṣekan ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, ní àwọn ọdún 1940, oríṣi yíǹkì kan ló wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, dúdú sì ni. Bébà tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ọ̀nà wo ló kù bí kò ṣe kí wọ́n fi dúdú fa ìlà? Ní Bẹ́líjíọ̀mù, Hergé tó ń ya Tintin gbé irú ìlà bẹ́ẹ̀ dé ibi gíga, ìlà kan tó mọ́ gaara yí gbogbo nǹkan ká. Kọ̀ǹpútà wá jogún bébà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Illustrator, tó sì fa igun mẹ́rin kan, á rí i pé inú rẹ̀ funfun, ìlà etí rẹ̀ dúdú, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. CorelDRAW ò tilẹ̀ kun inú rẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín nìkan ló ń bá a kí i. Kò sí ẹni tó bi oníṣẹ́ léèrè ohun tó fẹ́ yà. Ẹ̀rọ ti gbà pé bébà ni ilẹ̀ rẹ̀, pé ilẹ̀ náà sì funfun.

Kọ̀ǹpútà kan náà lè jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Lójú fóònù, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpapọ̀ iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù, tí a ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. W3C, ẹgbẹ́ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ méjì ṣe jìnnà síra tó. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sì sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wọ́n ní apá tó bá ní ìtumọ̀ nínú àwòrán kò gbọdọ̀ kéré sí 3 sí 1 sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mú lè rí i. Ó yá, ẹ mú àwọ̀ ara òyìnbó kan, ká ní 240, 200, 170. Ìlà dúdú lórí rẹ̀ á jẹ́ bíi 13 sí 1. Ẹ mú ti ẹni tó dúdú níwọ̀nba láàárín wa, 92, 58, 40. Ìlà dúdú kan náà já wálẹ̀ sí 2 sí 1 àti díẹ̀. Ẹ wá dé abẹ́ àgbọ̀n, níbi tí òjìji wà, ká pè é ní 54, 30, 36: kò pé 1.4 sí 1. Ìlà wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ò rí i. Ẹ yọ dúdú yẹn kúrò, kí ẹ fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, 214, 160, 110, fa ìlà lórí 92, 58, 40 tó jẹ́ àwọ̀ ara náà. Ó ju 4 sí 1 lọ. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wò lórí YouTube kì í sọ èyí fún wọn, torí àwọ̀ ara ẹni tí olùkọ́ ń yà níbẹ̀ ti gba ìlà dúdú láìsí wàhálà.

Àwọn ìyá wa aláró ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ á po ẹ̀kọ láfún, á fi ìyẹ́ adìẹ ya bátànì sórí aṣọ funfun, á jẹ́ kó gbẹ, kó tó wá rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ráyè wọlé tán. Tí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ náà kúrò, ìlà tó mọ́lẹ̀ ló máa kù láàárín ilẹ̀ tó dúdú. Ẹ kíyè sí i pé ìlà yẹn kì í sábà funfun báláú. Aró máa ń yọ́ gba inú ẹ̀kọ kọjá díẹ̀, ìlà á wá di àyìnrín, á sì bá ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tan bí ọmọ ṣe ń bá ìyá tan. Nínú bátànì Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó dúró ṣinṣin láìsí ìlà dúdú kankan tó gbé e ró. Àwọn ahunṣọ náà mọ̀ ọ́n. Aró tó kún ni ilẹ̀ aṣọ ètù, fọ́nrán tó mọ́lẹ̀ ló là á kọjá tó fi jọ ìyẹ́ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Aṣọ olónà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Òṣùgbó, tí òwò gbé lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹnu odò ní ìlà oòrùn, ní ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ nínú. Fọ́nrán òwú tó yọ sókè lórí ilẹ̀ ló fi wọ́n hàn, kì í ṣe ìlà tí ẹnì kan fà yí wọn ká.

Èdè wa gan-an kò gbẹ́yìn. Ẹni tó dúdú tó sì rẹwà là ń pè ní adúmáadán: ó dúdú, ó sì ń dán. Ẹnikẹ́ni kì í yin ènìyàn pé ìlà yí i ká. Dídán ni ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà rí, dídán yìí náà ló sì ń jẹ́ kí ojú mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ibi tí egungun imú gbà sọ̀kalẹ̀, ibi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀ sí yí. Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá ò ní orúkọ àwọ̀ tó pọ̀, pé funfun, pupa àti dúdú nìkan la mọ̀, tí ìyókù jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú àti irú wọn. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, mẹ́ta yẹn ni ayàwòrán nílò jù nígbà tó bá kọ́kọ́ jókòó: èwo ló mọ́lẹ̀, èwo ló ṣókùnkùn, èwo ló ń gbóná lójú láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá sọ àwòrán rẹ̀ di aláwọ̀ eérú fún ìṣẹ́jú kan, tó sì rí i pé gèlè, ojú àti ìró ti di ọ̀kan, ìlà etí kankan ò lè gbà á.

Dídán ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ grédíẹ́ǹtì, nítorí òun ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, òun náà sì ni wọ́n ń lò nílòkulò jù lọ. Ẹ wo fílẹ́ẹ̀sì ìnáwó: ojú ọ̀run ní grédíẹ́ǹtì, orúkọ olóògbé ní grédíẹ́ǹtì, gèlè, ẹ̀gbà ọrùn, títí kan ìlà tí wọ́n fà sí abẹ́ déètì. Ìmọ́lẹ̀ ń ti apá ọ̀tún bọ̀ lára fìlà, ó ń ti apá òsì bọ̀ lára agbádá, bí ẹni pé oòrùn méjì ló yọ lọ́jọ́ náà. Kọ̀ǹpútà kì í sì í ran aláìbìkítà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí gèlè yí láti búlúù tó mọ́ jù, 0, 0, 255, sí yẹ́lò tó mọ́ jù, 255, 255, 0, á bá eérú pàdé lágbedeméjì, nítorí ìdajì ọ̀kan pẹ̀lú ìdajì èkejì jẹ́ 128, 128, 128. Ẹ̀rọ ò mọ aṣọ. Ìṣirò ló mọ̀. Ẹni tó bá mọ aṣọ á fi àwọ̀ kẹta sáàárín, àwọ̀ ewé tàbí irú àwọ̀ èsè àlùkò, ibi tó bá fẹ́ kí ìrìn náà gbà kọjá. Ìṣòro mìíràn wà níbi títẹ̀. Ká ní ilẹ̀ fílẹ́ẹ̀sì tó gùn ní mítà 3 ń yí láti eérú 200 sí eérú 220. Àtẹ̀gùn 21 péré ló wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14. Ohun tó ń yọ̀ lójú fóònù bí òróró á wá rí lójú títì bí aṣọ òkè tí wọ́n rán pọ̀.

Ẹni tó bá ti rí bí aláró ṣe ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé àtẹ̀gùn kì í ṣe àbùkù. Aláró á ki aṣọ bọ ìkòkò, á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún kì í bọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa jinlẹ̀ sí i. Ó mọ iye ìgbà tó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́. Ayàwòrán náà lè ki àwọ̀ ara bọ aró lẹ́ẹ̀mẹta: òjìji, ara gan-an, àti ibi tó ń dán, kí kálukú wà pẹlẹbẹ ní àyè rẹ̀, kí grédíẹ́ǹtì kan ṣoṣo wá dé níkẹyìn láti rọ ẹnu ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yí. Àwọn ará Japan tó ń fi pátákó tẹ àwòrán láyé Hokusai ṣe é bẹ́ẹ̀: àwọ̀ pẹlẹbẹ ló pọ̀ jù, atẹ̀wé á wá fi ọwọ́ nu yíǹkì sórí pátákó kí ojú ọ̀run lè ṣí díẹ̀díẹ̀ níbì kan. Òjìji náà kì í ṣe àwọ̀ ara tí wọ́n da dúdú sí. Ẹ padà wo àwọn nọ́ńbà ìṣáájú: láti 92, 58, 40 sí 54, 30, 36, búlúù ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù nígbà tí àwọ̀ ewé dín kù dé bíi ìdajì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí òjìji náà sún mọ́ àwọ̀ èsè àlùkò dípò èédú. Dúdú tí wọ́n bá kàn dà sí i á jẹ́ kí ara rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àwọn tó ń gbèjà ìlà dúdú ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́. Wọ́n á ní fóònù kì í ṣe bébà, kì í sì í ṣe aṣọ. Iná ló ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń tàn gba fèrèsé aláràbarà ṣọ́ọ̀ṣì, òjé dúdú ló sì so gíláàsì ibẹ̀ pọ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi ń tàn yanran. Òótọ́ ni. Yusuf Grillo, tó gbé ayé láti 1934 sí 2021, tó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology, ṣe irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òjé wà níbẹ̀ nítorí gíláàsì ò lè dá dúró láìsí i. Nígbà tí Grillo bá ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwọn obìnrin, tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú un, ńṣe ló máa ń fọ́ ara àti aṣọ sí wẹ́wẹ́ búlúù, búlúù kan á parí síbi tí búlúù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Etí wà, ìpàdé àwọ̀ ló ṣe é. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó yẹ kí oníṣẹ́ fẹ́kítọ̀ Ìjẹ̀bú wò ní àwòfín jù ú lọ.

Wọ́n á tún ní ìlà etí ń gba àwòrán kékeré là, pé tí ojú bá kéré bí èékánná, ìlà nìkan ló máa kù. Mo gbà, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ibi tó burú ni pé wọ́n rò pé ìlà náà gbọ́dọ̀ dúdú. WhatsApp, tí kò mọ bóyá orí ilẹ̀ funfun tàbí ilẹ̀ dúdú ni wọ́n máa lẹ sítíkà mọ́, gba oníṣẹ́ nímọ̀ràn pé kó fi ìlà funfun tó nípọn ní píksẹ́lì 8 yí ìta sítíkà rẹ̀ ká, lórí àwòrán tó jẹ́ píksẹ́lì 512 níbùú àti lóròó. Ìta ni wọ́n wí. Inú, níbi tí imú àti ẹnu wà, ọwọ́ ayàwòrán ló kù sí. Ní ti àwọn tó ń sọ pé àwọ̀ pẹlẹbẹ jẹ́ àṣà àwọn òyìnbó tó máa tó kọjá, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn: Apple nu dídán kúrò lójú iPhone ní 2013, Instagram sì gbé grédíẹ́ǹtì padà wọnú àmì rẹ̀ ní 2016. Àṣà á máa lọ, á máa bọ̀. Ohun tí mo ń sọ ò gbé orí ìyẹn dúró; àwọ̀ ara ènìyàn kò tẹ̀lé Apple.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ìlà tó mọ́lẹ̀ máa ń sọ ènìyàn di iwin, bí ẹni tí iná ń jó yí ká. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ìlà náà bá funfun jù, tàbí tó bá nípọn yípo láìdáwọ́ dúró. Nílẹ̀ Faransé, Michel-Eugène Chevreul, tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins, gba ẹ̀sùn pé dúdú tí wọ́n fi rẹ òwú ò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò, kò rí àbùkù nínú rẹ̀; àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jí dúdú rẹ̀ gbé lójú ẹni tó ń wò ó. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1839. Ìlà etí náà kì í dá wà. Àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó ti wá, bí àyìnrín ṣe ti inú aró wá, kó mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìwọ̀nba, kó nípọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, kó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ, kó sì pòórá kó tó dé inú òjìji. Nǹkan kékeré kan tún ń da ọ̀pọ̀ láàmú: ìlà tó nípọn ní póíǹtì 4, ìdajì rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń gbé sí inú, ìdajì sí ìta. Ètè tí wọ́n fara balẹ̀ yà á ti pàdánù póíǹtì 2 nínú sísanra rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Tí wọn ò bá sì sọ fún ẹ̀rọ pé kí ìlà máa dàgbà pẹ̀lú àwòrán, póíǹtì 4 yẹn á di òwú lára pátákó, á sì di ọ̀dà lára bírò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń hàn kedere jù ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tẹ T-shirt fún régbérégbé. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba àwọ̀n tirẹ̀, àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba owó. Ẹni tó gbé grédíẹ́ǹtì mẹ́fà àti ìlà dúdú wá á bá ara rẹ̀ níbi tí atẹ̀wé ti ń sọ gbogbo rẹ̀ di àmì wẹ́wẹ́, tí yíǹkì á sì máa dí ojú àwọ̀n. Ká wá ní T-shirt dúdú ni ẹgbẹ́ náà mú, tí ẹni tó ya àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dán: àwọ̀n kan fún funfun ìsàlẹ̀ tí yíǹkì máa jókòó lé, kó má bàa rì sínú aṣọ, àwọ̀n kan fún ara, àwọ̀n kan fún àwọ̀ bàbà tó wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí imú àti létí gèlè. Wọn ò tẹ òjìji rárá. Abẹ́ àgbọ̀n, ihò imú, ìṣẹ́po gèlè, aṣọ ti mú gbogbo wọn wá láti ilé ìtajà.